Bí A Ṣe Ń Dá Igbó Mángróòfù Padà Sí Etíkun Erékùṣù: Ìtọ́sọ́nà Láti Ilẹ̀ Filipínì

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá igbó mángróòfù, ìyẹn igbó àwọn igi tí ń hù nínú ẹrẹ̀ etíkun tí omi iyọ̀ máa ń dé, padà sí etíkun kò gbọdọ̀ fi gbígbin igi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí pé àwòrán tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí ni ti àwọn ọmọ iléèwé àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dúró sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà, tí wọ́n ń ki èso gígùn-gígùn bọ ilẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí ẹnì kan sì ń yà wọ́n ní fọ́tò. Ní ilẹ̀ Filipínì, tí ó ní erékùṣù 7,641, tí wọ́n sì ti ń fi owó ńlá gbin mángróòfù láti àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ tí wọ́n padà lọ wo àwọn igi náà rí i pé nǹkan bí 10 sí 20 nínú 100 péré ni ó máa ń yè. Jurgenne Primavera, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí inú òkun tí ó ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní erékùṣù Panay, wà lára àwọn tí wọ́n fi hàn ní ọdún 2008 pé irú igi tí kò bá ibẹ̀ mu àti ibi tí kò yẹ igi ni ó sábà máa ń fa ìṣòro náà. Ní Sri Lanka, lẹ́yìn àkúnya òkun ọdún 2004, wọ́n gbin igi sí ilẹ̀ tí ó tó 1,000 sí 1,200 hẹ́kítà. Nígbà tí wọ́n padà kà á, nǹkan bí 200 sí 220 hẹ́kítà ni ó kù.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwọn ẹgbẹ́ ìlú, àwọn apẹja àti àwọn olórí àdúgbò tí etíkun wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn. Láti ara iṣẹ́ tí àwọn ará erékùṣù Filipínì ti ṣe ni mo ti fa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ yọ. Ará Ìlàjẹ tàbí ará Badagry tí ó bá kà á yóò rí ohun tí ó lè mú lò, ṣùgbọ́n àwọn igi tiwa yàtọ̀ sí tiwọn, n ó sì sọ ibi tí ìyàtọ̀ náà ti lè kó ènìyàn sí wàhálà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí igbó náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Bí ìgbì òkun bá gba inú igbó mángróòfù tí ó fẹ̀ tó 100 mítà kọjá, gíga rẹ̀ lè dín kù ní ìdá 13 sí ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún, gẹ́gẹ́ bí igbó náà bá ṣe kí tó. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré fún ìlú tí ilé rẹ̀ wà létí omi. Ṣùgbọ́n àkúnya tí ìjì líle ń gbé wọ ìlú jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: igbó tí ó fẹ̀ tó odindi kìlómítà kan kì í dín gíga irú omi bẹ́ẹ̀ kù ju sẹ̀ǹtímítà 5 sí 50 lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún ará ìlú pé wọn kò ní sá mọ́ nígbà ìjì nítorí pé wọ́n ti gbin igi.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ wádìí ohun tí ó pa igbó àkọ́kọ́

Ẹ pe àwọn àgbà ìlú jọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ẹ sì bá wọn rìn dé etíkun nígbà tí omi bá fà. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni igbó náà dé tẹ́lẹ̀, irú igi wo ni ó wà níwájú, èwo ni ó wà lẹ́yìn, ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tán, àti iṣẹ́ ta ni. Ẹ wo àwòrán tí a yà láti òfuurufú bí ẹ bá rí i. Google Earth máa ń fi àwòrán àwọn ọdún tí ó ti kọjá hàn, ọ̀dọ́ kan tí ó ní fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lè bá yín yẹ̀ ẹ́ wò láàárín wákàtí kan.

Ìdáhùn àwọn àgbà ni yóò sọ irú iṣẹ́ tí ó wà níwájú yín. Ní Filipínì, igbó mángróòfù tó nǹkan bí 450,000 hẹ́kítà ní ọdún 1918, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di àárín àwọn ọdún 1990, ó ti dín kù sí nǹkan bí 120,000. Ohun tí ó jẹ ẹ́ jù lọ ni adágún ẹja: wọ́n gé igi náà, wọ́n mọ ògiri iyẹ̀pẹ̀ yí ilẹ̀ ká, wọ́n sì ń sin edé àti ẹja tí wọ́n ń pè ní bangus nínú rẹ̀. Nígbà tí àìsàn pa edé tàbí tí ìjì wó ògiri, àwọn tí ó ni í fi adágún sílẹ̀ wọ́n sì lọ, ṣùgbọ́n ògiri tí ó kù kò jẹ́ kí omi òkun wọlé kí ó sì jáde bí ó ti yẹ, igi kò sì lè hù níbẹ̀. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tí yóò ṣí ògiri náà ju ẹni tí yóò gbin igi lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé igi ìdáná àti èédú ni wọ́n ń gé igbó náà fún, tí àwọn igi ìyá kan ṣì kù nítòsí, ó ṣeé ṣe kí igbó náà padà fúnra rẹ̀ bí gígé bá dáwọ́ dúró. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ dí lójú ọ̀sà ni, páìpù ńlá abẹ́ ọ̀nà ni ojútùú. Èyí tí ó ṣòro jù ni ibi tí òkun fúnra rẹ̀ ti ń jẹ ilẹ̀ lọ. Ní agbègbè Demak, ní àríwá erékùṣù Java ní Indonéṣíà, wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀ ní ìlà méjì sínú omi, wọ́n sì fi ìdì ẹ̀ka igi kún àárín wọn, kí ìgbì lè rọ̀ bí ó bá ń gba ibẹ̀ kọjá kí ẹrẹ̀ tí ó gbé wá sì lè rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹrẹ̀ kó jọ lóòótọ́ ní àwọn ibì kan, ṣùgbọ́n ilẹ̀ agbègbè náà ń rì, nítorí pé wọ́n ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ púpọ̀ jù, ó sì gba èrè iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ ń rì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mójú tó omi tí ó ń fà láti abẹ́ ilẹ̀.

Bí àwọn àgbà bá sì sọ pé kò sí igi kankan ní ibì kan rí, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀. Orí ẹrẹ̀ gbalaja tí kò ní igi ni àwọn obìnrin ti máa ń ṣa ẹ̀dá inú ìkarahun, níbẹ̀ sì ni àwọn ẹyẹ omi ti ń jẹun. Abẹ́ koríko inú òkun ni ẹja kéékèèké ń sá pamọ́ sí. Bíba irú ibẹ̀ jẹ́ nítorí igi tí kò ní yè kì í ṣe ìtọ́jú àyíká.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti àṣẹ

Ó yẹ kí a béèrè ìdí tí àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ̀ pé mángróòfù kì í hù ní ibi tí omi ti jìn fi ń gbìn ín síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀kan nìkan. Ilẹ̀ tí ó yẹ igi náà, ìyẹn òkè díẹ̀ sí omi, ni àwọn adágún ẹja ti gbà, adágún kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè máa gbé ní ìlú ńlá kí ó má sì ti débẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹrẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ kò ní olówó, kò sì sí ẹni tí yóò pe ẹgbẹ́ lẹ́jọ́ bí wọ́n bá gbin igi síbẹ̀. Ìbẹ̀rù ẹjọ́ ni ó ń ti igi wọ inú omi.

Òfin Filipínì ṣe kedere lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin kan tí ó jáde ní ọdún 1991 ka gígé mángróòfù léèwọ̀. Òfin ẹja pípa ti ọdún 1998 ka sísọ igbó náà di adágún ẹja léèwọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni adágún tí ìjọba yá ènìyàn tí ó sì pa á tì yẹ kí ó padà di igbó. Ṣùgbọ́n ìwé kì í rìn fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ ìlú ni yóò kọ orúkọ àwọn adágún tí a pa tì sílẹ̀, tí yóò wá ìwé ìyálò wọn lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, tí yóò sì máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn. Láti ọdún 1995, ìjọba ibẹ̀ tún ti ń fún àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ní àdéhùn ọdún 25, tí a lè tún ṣe fún ọdún 25 mìíràn, láti máa tọ́jú igbó ìjọba kí wọ́n sì máa jẹ nínú èrè rẹ̀. Níbi tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ẹ gba ohun tí ó súnmọ́ ọn ní kíkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ baálẹ̀, lọ́dọ̀ ẹbí tí ó ni ilẹ̀, àti lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn kò tó.

Àdéhùn inú ìlú fúnra rẹ̀ ní láti sọ ẹni tí ó lè pa akàn nínú igbó náà, ibi tí ọkọ̀ ojú omi yóò máa gbà, ẹni tí ó lè ṣa igi gbígbẹ, àti ìtanràn tí ẹni tí ó bá gé igi tútù yóò san. Kí àwọn obìnrin tí ń ṣa ìkarahun wà ní ìpàdé àkọ́kọ́, kì í ṣe ìpàdé tí a ti parí ọ̀rọ̀ kí a tó pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n máa ń wà lórí ẹrẹ̀ náà lójoojúmọ́. Bí wọn kò bá sí nínú àdéhùn, ọgbà tí ẹ bá yí igi ká yóò di ọ̀tá wọn, ẹ ó sì bá a ní wíwó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wọn omi

Èyí ni ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ máa ń fò kọjá, òun sì ni mo fẹ́ kí a dúró lé jù.

Mángróòfù kì í ṣe igi inú omi. Igi ilẹ̀ tí ó lè fara da omi iyọ̀ ni. Ibi tí ó ń gbé wà láàárín ìpele tí omi òkun máa ń wà bí a bá pín kíkún àti fífà rẹ̀ sí méjì, àti ìpele tí omi máa ń dé nígbà ìkún tí ó ga jù lọ, ìyẹn ìgbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tí ó bá di àrànmọ́jú. Ní igbó tí ara rẹ̀ dá, omi kì í bo ilẹ̀ ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta àkókò lọ. Bí omi bá bo èèhù fún ọ̀pọ̀ wákàtí ju èyí lọ lójoojúmọ́, gbòǹgbò rẹ̀ kò ní rí èémí mí, yóò sì kú, bí ó ti wù kí ìtọ́jú rẹ̀ dára tó.

Ọ̀nà tí a fi ń wọ̀n ọ́n kò wọ́nwó. Ẹ ra róbà funfun tí a lè rí inú rẹ̀, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ìpìlẹ̀ ilé dọ́gba, kí ó gùn tó 20 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bu omi kún un títí yóò fi ku díẹ̀, kí ẹ sì rí i dájú pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan tí ó há sínú rẹ̀, nítorí pé ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè sọ gbogbo ìwọ̀n di irọ́. Ẹ so orí róbà kọ̀ọ̀kan mọ́ igi gígùn tí ẹ ti fi sẹ̀ǹtímítà sàmì sí lára. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí igbó mángróòfù tí ó ṣì dára tí ó súnmọ́ yín jù lọ, ní etí omi kan náà. Kí ẹnì kan dúró ti igi tí ó wà ní iwájú pátápátá sí òkun, kí ẹnì kejì dúró níbi tí róbà bá gùn dé, kí àwọn méjèèjì ka ìpele omi tí ó wà lára igi tiwọn. Ìyàtọ̀ láàárín nọ́ńbà méjèèjì ni ìyàtọ̀ gíga ilẹ̀. Ẹ máa ṣí lọ díẹ̀díẹ̀ báyìí títí ẹ ó fi dé ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ sì máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Bí igbó tí ó dára náà bá jìnnà jù fún róbà, ẹ jẹ́ kí omi fúnra rẹ̀ ṣe ìwọ̀n. Ní ọjọ́ tí kò sí ìjì, ẹ ri igi tí a sàmì sí mọ́ àárín igbó náà, kí ẹ ri òmíràn mọ́ ilẹ̀ tiyín, kí ẹni méjì sì ka gíga omi ní àsìkò kan náà nígbà tí ó bá kún dé góńgó. Bí omi bá jìn ní 20 sẹ̀ǹtímítà nínú igbó, tí ó sì jìn ní 90 lórí ilẹ̀ tiyín, ilẹ̀ tiyín rẹlẹ̀ jù ú lọ ní 70 sẹ̀ǹtímítà, ẹ kò sì nílò onímọ̀ kankan láti sọ fún yín pé igi kò ní yè níbẹ̀. Ọ̀nà yìí kò ṣeé lò fún adágún tí ògiri rẹ̀ kò jẹ́ kí omi wọlé dáadáa.

Ẹ kọ gíga ilẹ̀ tí irú igi kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó parí sí nínú igbó tí ó dára. Àkọsílẹ̀ yìí ni òfin yín láti ìsinsìnyí lọ. Bí aláánú kan bá dé pẹ̀lú owó tí ó ní kí ẹ gbin igi sí ìsàlẹ̀ gíga náà, ẹ fi ìwé yín hàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ṣí ọ̀nà fún omi, kí ẹ sì dúró

Ní Leganes, ní erékùṣù Panay, àwọn ará ìlú sọ adágún ẹja tí a ti pa tì di igbó padà, ọ̀kan nínú àwọn àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ sì ni. Adágún wà ní gíga tí ó bá igi mu tẹ́lẹ̀, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé igbó ni wọ́n gé kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, àyàfi ibi tí wọ́n bá gbẹ́ jìn jù tàbí tí ilẹ̀ ti rì.

Ẹ má ṣe wó gbogbo ògiri adágún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá ojú ibi tí odò kékeré ti máa ń ṣàn kí a tó mọ ògiri. Àwọn àgbà yóò rántí, àwòrán àtijọ́ yóò sì fi hàn. Ibẹ̀ ni kí ẹ gé, kí ó fẹ̀, kí ó sì jìn dé ìsàlẹ̀ odò náà, kí omi má baà dúró sínú adágún nígbà tí òkun bá fà. Omi tí kò rí ọ̀nà jáde ń pa èèhù ju oòrùn lọ. Ẹ fi ògiri tí ó kọjú sí òkun sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀, kí ó máa gba ìgbì dúró títí àwọn igi yóò fi lágbára. Iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ bá gé kúrò ni kí ẹ fi kún ibi tí ó rẹlẹ̀ jù. Bí omi inú adágún bá ní àwọ̀ ìpẹtà tí kò sì sí ohun abẹ̀mí púpọ̀ nínú rẹ̀, ilẹ̀ náà lè ti kan. Ẹ jẹ́ kí òkun máa wọlé kí ó máa jáde fún oṣù mélòó kan kí ó fọ̀ ọ́ kí ẹ tó ronú nípa igi.

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró. Ẹ fún ilẹ̀ náà ní àkókò èso kan, tàbí méjì bí ó bá ṣeé ṣe, kí omi lè gbé èso wọlé láti inú igbó tí ó wà nítòsí. Ìdúró yìí máa ń nira fún olówó tí ó fẹ́ ìròyìn kí ọdún tó parí, ṣùgbọ́n igi tí ó bá hù fúnra rẹ̀ ti yan ibi tí ó bá a lára mu, oríṣiríṣi ni ó sì máa ń jẹ́. Bí ẹ bá padà tí ẹ sì rí èèhù káàkiri, ní nǹkan bí mítà kan sí méjì sí ara wọn, iṣẹ́ gbígbìn ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi owó rẹ̀ ṣọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yan igi tí ó bá ibẹ̀ mu, kí ẹ sì kó èso rẹ̀

Bí igbó ìyá bá jìnnà tàbí tí èso kò bá dé, nígbà náà ni gbígbìn tó kàn. Ní etíkun Filipínì tí ó kọjú sí òkun, àwọn igi tí wọ́n máa ń hù níwájú fúnra wọn ni pagatpat, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sonneratia alba, àti bungalon, ìyẹn Avicennia marina. Bakhawan, tí ó jẹ́ Rhizophora, sábà máa ń wà lẹ́yìn wọn àti ní etí àwọn odò tí ó wọ inú igbó. Síbẹ̀, bakhawan ni wọ́n gbìn níbi gbogbo, nítorí pé èso rẹ̀ gùn, ó tóbi, ó sì rọrùn láti kó àti láti kì bọ ẹrẹ̀. Ìrọ̀rùn ọwọ́ ni wọ́n tẹ̀lé.

Níbí ni ará ilé wa ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Rhizophora racemosa gan-an ni ó máa ń gba iwájú ní etí omi, Avicennia a sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé Filipínì tí ó sì gbé ètò wọn wá sí Badagry bí ó ti rí yóò gbin igi sí òdì. Ọ̀nà ìwádìí wọn ni kí a mú. Igbó tí ó wà nítòsí ẹni ni yóò sọ orúkọ igi. Ìkìlọ̀ kejì ni ti ọ̀pẹ etí omi tí a ń pè ní Nypa. Ọmọ onílẹ̀ ni ní Filipínì, wọ́n ń fi ewé rẹ̀ bo ilé, wọ́n sì ń fi omi rẹ̀ ṣe ọtí kíkan, ṣùgbọ́n àlejò ni lọ́dọ̀ wa: ọdún 1906 ni wọ́n gbé e dé Calabar, ó sì ti gba ilẹ̀ mọ́ mángróòfù lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ má ṣe gbìn ín.

Èso Rhizophora máa ń hù lórí igi kí ó tó já. Èyí tí ó gbó ni kí ẹ kó: ibi tí èso náà ti so mọ́ orí rẹ̀ yóò yọ ọrùn kan tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n bí ọsàn tàbí kí ó pupa rúsúrúsú, gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀ bá ṣe rí, yóò sì já lọ́wọ́ yín láìfi agbára fà á. Èyí tí kòkòrò ti lu, tàbí tí ó ti rọ̀, ẹ jù ú nù. Ẹ kó wọn sí abẹ́ ibòji, kí ẹ fi àpò tútù bò wọ́n. Èso Avicennia kéré. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú kí èèpo rẹ̀ lè bọ́. Ti Sonneratia ni ó ṣòro jù, nítorí pé hóró rẹ̀ kéré gan-an, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń wú ọmọ igi tí ó hù pọ̀ lábẹ́ ìyá rẹ̀, tí kò ga ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, pẹ̀lú ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀, wọ́n á sì kó o sínú ọ̀rá dúdú láti tọ́jú. Ẹ má wú gbogbo rẹ̀ tán lábẹ́ igi kan.

Ibi ìtọ́jú ọmọ igi yẹ kí ó wà níbi tí omi òkun lè dé díẹ̀ nígbà tí ó bá kún, kí ó ní ibòji ewé ọ̀pẹ lórí, kí ògiri ọparun sì wà yí i ká nítorí akàn àti ewúrẹ́. Nǹkan bí oṣù kan kí ẹ tó gbìn wọ́n, ẹ máa ká ibòji náà kúrò díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn má baà pa wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá kúrò níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ gbìn

Ẹ yan ìgbà tí òkun bá rọ̀. Ní Panay, afẹ́fẹ́ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn tí wọ́n ń pè ní habagat máa ń jà láti nǹkan bí oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹwàá, ti àríwá-ìlà-oòrùn, amihan, sì máa ń tẹ̀lé e. Etíkun kọ̀ọ̀kan mọ èyí tí ó ń bá a jà. Ẹ gbìn ní ọjọ́ tí ìkún omi kéré, nígbà tí òṣùpá bá dá sí méjì, kí omi má baà wú wọn kí wọ́n tó rinlẹ̀. Ẹ ki nǹkan bí ìdá mẹ́ta èso Rhizophora bọ ẹrẹ̀, kí ìdí rẹ̀ tí ó mú wà nísàlẹ̀ kí èyí tí ewé yóò ti yọ sì wà lókè. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn àlejò máa ń dorí rẹ̀ kodò. Ẹ gbé ọ̀rá kúrò ní ìdí èyí tí ẹ tọ́jú, kí ẹ sì kó gbogbo ọ̀rá náà padà sílé. Ìlà tí ó tọ́ kò pọn dandan. Bí wọ́n bá wà ní agbo-agbo, wọ́n á máa gba ìgbì fún ara wọn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ṣọ́ wọn fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán

Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹnì kan máa dé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, oṣooṣù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yọ ọ̀rá, okùn àwọ̀n àti ewé òkun tí ó bá wé mọ́ èèhù, nítorí pé ìwúwo wọn máa ń fa igi kékeré lulẹ̀ nígbà tí omi bá ń fà. Kí ó tún wo ara igi bóyá àwọn ẹ̀dá eléèpo líle tí í lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ ti ń bo ó. Bí wọ́n bá pọ̀ gan-an, àmì ni pé ibẹ̀ rẹlẹ̀ jù, fífá wọn kúrò kò sì ní yanjú rẹ̀.

Ẹ fi okùn yí ibi mélòó kan ká, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 10 sí mítà 10, kí ẹ sì máa ka igi inú wọn ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, kí ẹ kọ iye tí ó yè, gíga wọn, àti èyí tí ó hù fúnra rẹ̀. Ẹ máa ya fọ́tò láti ojú kan náà. Bí ó bá ju ìdajì lọ tí ó kú, ẹ má ṣe gbin òmíràn dípò wọn kí ẹ tó mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti gbin igi sí ojú kan náà léraléra, tí wọ́n sì ń ka gbogbo rẹ̀ mọ́ àṣeyọrí.

Ọ̀rọ̀ ìṣọ́ kò parí síbẹ̀. Ní Filipínì, àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n ń pè ní Bantay Dagat, máa ń fi ọkọ̀ káàkiri láti ṣọ́ òkun, ẹgbẹ́ mángróòfù tí ó bá bá irú wọn ṣiṣẹ́ kì í nìkan jìyà. Ẹ tún wá ibòmíràn tí àwọn ènìyàn yóò ti máa rí igi ìdáná, bí ẹ bá tilẹ̀ ní láti gbin igi tí ó tètè ń dàgbà sórí ilẹ̀ gbígbẹ fún un. Òfin tí ó ní kí ìyá àgbà má gé igi láìsọ ibi tí yóò ti rí òmíràn kì í pẹ́ kí ó tó bàjẹ́.

Owó

Bí ẹ bá gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó san án gẹ́gẹ́ bí igi tí ó yè ní ọdún kẹta, má ṣe jẹ́ iye tí a gbìn. Ẹ ya apá tí ó dára sọ́tọ̀ fún ìṣọ́ àti ìwọ̀n. Ní Kalibo, ní Panay kan náà, ẹgbẹ́ àdúgbò kan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1990 pẹ̀lú 50 hẹ́kítà ní ẹnu odò Aklan, níbi tí odò ti ń kó ẹrẹ̀ tuntun wá. Lónìí, Bakhawan Eco-park ni wọ́n ń pè é, àwọn àlejò ń sanwó wọlé rìn lórí afárá onígi tí ó gba àárín igbó náà, owó náà sì ń tọ́jú ibẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìlú ni àlejò yóò máa wá sí, nítorí náà kí ẹ má fi ti Kalibo ṣe ìrètí kan ṣoṣo tí ẹ ní. Akàn àti ẹja tí ó bá pọ̀ sí i ni èrè tí ó dájú fún ọ̀pọ̀ ibi.

Lẹ́yìn ìjì

Ìjì Haiyan, tí àwọn ará Filipínì ń pè ní Yolanda, jà ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 6,000, púpọ̀ nínú wọn ní erékùṣù Leyte àti agbègbè rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba ya nǹkan bí bílíọ̀nù kan owó péṣò sọ́tọ̀ fún gbígbin mángróòfù àti igi etíkun. Àwọn tí wọ́n mọ igi náà bẹ̀bẹ̀ pé kí a ṣe sùúrù, nítorí pé ọ̀pọ̀ igbó tí ó dà bí òkú ń rúwé padà.

Bí ìjì bá ti lọ, ẹ fi ọ̀bẹ ha èèpo àwọn igi díẹ̀ káàkiri. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù tí ó sì ní àwọ̀ ewé, igi náà wà láàyè. Avicennia àti Sonneratia lè rúwé láti ara ìtì tí ó ṣẹ́. Rhizophora kì í sábà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ bá ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ lè ti yè. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn tí ń kó pàǹtírí tàbí tí ń gé igi tí ó wó máa tẹ gbogbo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ la ọ̀nà kan tàbí méjì fún wọn, kí wọ́n gba ibẹ̀ nìkan. Páànù, ọ̀rá àti àwọ̀n ni kí ẹ kó jáde. Ìtì igi tí ó ṣubú sí ojú odò ni kí ẹ gbé kúrò kí omi lè máa lọ, kí ẹ fi èyí tí ó kù sílẹ̀ láti máa gba ìgbì dúró. Ẹ dúró fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹ padà ka igi inú àwọn ibi tí ẹ ti fi okùn yí ká, kí ẹ tún gbé róbà ìwọ̀n yín jáde, nítorí pé ìjì lè ti gbẹ́ ilẹ̀ lọ tàbí kó iyanrìn jọ sórí rẹ̀. Gíga tí ẹ bá rí ní ọjọ́ náà ni kí ẹ fi wé èyí tí ó wà nínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó mú èso lọ́wọ́.